Ẹyin 30, òròmọdìẹ 11: kí ló ń pa ìyókù sínú èèpo?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin àgbà nídìí adìẹ sísìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Báńtámù, irú adìẹ kéékèèké, ni mò ń sìn lẹ́yìnkùlé wa n'Íbàdàn, àkùkọ kan, àgbébọ̀ mẹ́sàn-án. Mo ra ẹ̀rọ ìsàba kékeré, èyí tó ní fáànù, tó sì ń yí ẹyin fúnra rẹ̀. Mo kó ẹyin 30 sí i. Gbogbo ohun tí ìwé inú páálí rẹ̀ wí ni mo ṣe: ooru 37.8, omi nínú kòtò méjèèjì láti ọjọ́ kìn-ín-ní títí dé òpin. Òròmọdìẹ 11 péré ló jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà àkọ́kọ́. Ẹnìkan ní kí n fi kún ooru. Ẹlòmíì ní kí n ta ẹ̀rọ náà kí n ra èyí tó tóbi. Àwọn kan tiẹ̀ ní ẹyin báńtámù kì í pa nínú ẹ̀rọ rárá, pé adìẹ nìkan ló lè sàba lé e. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

* * *

ÌDÁHÙN

Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni. Ẹyin 19 tí kò pa dà? Ṣé wọ́n ṣì wà nílẹ̀? Bí ẹ kò bá tíì kó wọn dà sí ààtàn, ẹ gbé wọn lọ sí gbangba, ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti ìdí tó fẹ̀. Iṣẹ́ tó ń rùn ni, mo mọ̀. Ọdún márùn-ún ni mo fi sìn adìẹ n'Íṣẹ́yìn kí n tó fọ́ ẹyin òbu kan wò, gbogbo ọdún yẹn ni mò ń pààrọ̀ ẹ̀rọ, tí mò ń bú ẹni tó tà á fún mi.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí pupa àti funfun rẹ̀ bá wà bí ẹyin tí èèyàn fẹ́ dín, àkùkọ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tó yí ká bí òrùka, ọmọ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì kú láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́. Bí ọmọ kékeré tí ìyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù lára rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìyẹn kú láàárín. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ tó ti pé pátápátá, ẹ wo bí ara rẹ̀ ṣe rí, ṣé ó rin ni àbí ó gbẹ, ẹ wo ibi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí, kí ẹ sì wo bí àlàfo afẹ́fẹ́ tó wà ní ìdí ẹyin ṣe tóbi tó.

Ẹni tó ní kí ẹ fi kún ooru, n kò bá a lọ. Ẹ̀rọ tó bá ní fáànù, 37.5 ni ibi tó dára sí, 37.8 yín kò sì jìnnà sí i. Ẹyin máa ń fara da òtútù díẹ̀ ju ooru àpọ̀jù lọ. Àmọ́ ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń fi hàn. Ẹ wá tẹmómítà tí wọ́n fi ń wo ibà, ẹ gbé e sí àárín ẹyin fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n sọ ohun kan náà. Èyí tí mo ń lò nísinsìnyí máa ń sọ 37.5 nígbà tí inú rẹ̀ jẹ́ 36.9. Ìyẹn tó láti mú kí ọjọ́ ìpamọ pẹ́ ní nǹkan bí ọjọ́ kan.

* * *

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ṣe é. Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lè mọ ibi tí a dé: nínú ẹyin 19, méje mọ́ bí ìgbà tí wọ́n yé e, mẹ́ta ní òrùka ẹ̀jẹ̀, mẹ́sàn-án jẹ́ ọmọ tó ti pé. Ẹ ní àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán rin gbingbin, omi ṣàn jáde nígbà tí ẹ fọ́ èèpo, àlàfo afẹ́fẹ́ wọn sì kéré.

Ó dáa. Méje yẹn, ẹ kúkú yọ wọ́n kúrò nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Kò sí ẹ̀rọ tó lè pa ẹyin tí àkùkọ kò bá. Ẹyin tó ní ọmọ jẹ́ 23, mọ́kànlá pa níbẹ̀, ìyẹn kò tó ìdajì. Mẹ́sàn-án tó kú lẹ́nu ọ̀nà gan-an ló yẹ kó dùn wá, nítorí wọ́n ti rìn gbogbo ìrìn àjò náà tán.

Omi ló pa wọ́n. Ẹyin máa ń mí láti ara èèpo rẹ̀, omi sì máa ń bá a jáde díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní dé ọjọ́ kejìdínlógún, ó yẹ kó pàdánù nǹkan bí ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀. Ibi tí omi yẹn ti kúrò ni àlàfo afẹ́fẹ́ ti ń gbòòrò, inú àlàfo yẹn sì ni ọmọ máa kọ́kọ́ ti ẹnu bọ̀ láti mí èémí àkọ́kọ́ kó tó lu èèpo. Bí omi kò bá jáde tó, àlàfo kéré, ọmọ wú, kò ráyè yí ara rẹ̀. Ó rì sínú ilé rẹ̀.

Ìwé inú páálí yẹn kì í ṣe fún Ìbàdàn nínú oṣù kẹfà. Ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ wa lásìkò òjò pọ̀ tó láti sàba láìsí ẹ̀kán omi kan. Ẹ gbẹ kòtò méjèèjì títí di ọjọ́ kẹtàdínlógún. Lẹ́yìn náà, ẹ kún un kí ọ̀rinrin gòkè dé bí ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí ìgbà tí ọmọ bá ń jáde ni awọ fẹ́lẹ́ inú èèpo kò gbọ́dọ̀ gbẹ.

* * *

Ẹnìkan béèrè pé báwo ni òun ṣe máa mọ ìgbà tí omi tó. Òṣùwọ̀n ni. Kì í ṣe ti ọlọ́jà tó ń wọn gàrí, ẹ wá èyí kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Mo mú ẹyin mẹ́wàá, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí wọn, mo wọ̀n wọ́n pọ̀. Ti báńtámù mi máa ń jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 320, ìyẹn 32 fún ẹyọ kan. Ní ọjọ́ kẹfà, mo ń retí 307. Ní ọjọ́ kejìlá, 294. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, 282. Bí ó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi kò jáde tó, mo gbẹ kòtò tàbí kí n ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí i. Bí ó bá fúyẹ́ jù, mo bu omi díẹ̀ sí kòtò kan. Bí mo bá yọ ọ̀kan dànù láàárín, mo tún ìṣirò ṣe pẹ̀lú àwọn tó kù.

Nígbà ọyẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí padà. Ẹyin tí kò nílò omi nínú oṣù kẹfà á gbẹ kankan nínú oṣù kìn-ín-ní n'Íṣẹ́yìn níbí. Ìdí nìyí tí n kò fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni pé "ẹ fi ọ̀rinrin sí ibi báyìí báyìí". Ẹyin ni kí ẹ bi.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá aago ọ̀rinrin rẹ̀ ń purọ́, kó bu iyọ̀ ṣíbí kan sínú ìdérí ìgò, kó kán omi díẹ̀ sí i kó rí bí àtè, kó gbé e àti aago náà sínú ọ̀rá kan tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kó fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi 75 ló yẹ kó wà. Tèmi wà ní 83.

* * *

Arábìnrin kan láti Lọ́ńdọ̀n ní òdìkejì ló ń ṣe òun: àwọn ọmọ Pekin òun, irú báńtámù kan, ń lu èèpo, wọ́n á sì há síbẹ̀, awọ gan mọ́ wọn lára bí ọ̀rá. Ẹ̀yin arábìnrin, ooru tí ẹ ń tàn nínú ilé nígbà òtútù ló ń fa omi lára wọn. Òṣùwọ̀n kan náà ló máa sọ ọ́ fún yín, àmọ́ ẹ̀yin lẹ nílò omi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì máa ṣí ẹ̀rọ wò nígbà tí wọ́n bá ti ń lu èèpo. Mo mọ̀ pé ó ń wu yín, ohùn wọn dùn ún gbọ́. Ìṣísílẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti lé ọ̀rinrin jáde, awọ á sì gbẹ mọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ihò lu.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń pa ẹyin ńlá àti kékeré pọ̀ kì í rò. Ẹyin báńtámù máa ń pa ní ọjọ́ kọkàndínlógún tàbí ogúnjọ́, nígbà tí ti àgbébọ̀ ńlá ń dúró de ọjọ́ kọkànlélógún. Bí ẹ bá kó wọn wọlé lọ́jọ́ kan náà, tí ẹ ń ka ọjọ́ fún ẹyin ńlá, ẹ̀rọ á ṣì máa yí ẹyin kékeré nígbà tó yẹ kó ti dúró. Ẹ kó ti báńtámù wọlé lẹ́yìn ọjọ́ kan, tàbí kí ẹ dá yíyí dúró ní ọjọ́ kẹtàdínlógún.

Ẹ tún wo àwo tó ń yí wọn. Ẹyin ńlá ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹyin kékeré á jókòó gbọ̀ọ̀rọ̀, òmíràn á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ á máa lọ síwá sẹ́yìn, kò sì ní yí tó bó ṣe yẹ. Mo máa ń fi àjákù kírétì ẹyin há a kó lè dúró gírí, ìdí tó fẹ̀ sókè.

Fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn kò ní fáànù: ooru máa ń gun òkè, ìsàlẹ̀ á tutù. Bí ẹ bá fi tẹmómítà sí ibi orí ẹyin ńlá, ẹyin báńtámù wà ní ìsàlẹ̀ ibẹ̀, òtútù ló sì ń jẹ. Ẹ sọ tẹmómítà kalẹ̀ dé orí ẹyin kékeré gan-an, kí ó jẹ́ láàárín 38.3 sí 38.9 níbẹ̀.

* * *

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti yà sí iná mànàmáná. Kò yà mí lẹ́nu.

Ẹni tó wà n'Íkòròdú tó ní òun da ẹyin 40 nù nítorí pé wọ́n mú iná lọ fún wákàtí márùn-ún, ó dùn mí gan-an, nítorí kò yẹ kó dà wọ́n nù. Àgbébọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dìde lórí ẹyin lójoojúmọ́, á lọ jẹ, á lọ mu omi. Lọ́dún 2016, iná kò wá ní ilé mi láti aago mẹ́wàá alẹ́ di aago mẹ́rin ìdájí, ọjọ́ kejìlá ẹyin mi nìyẹn. Mo gbé ìgò omi gbígbóná méjì sínú ẹ̀rọ, mo fi ìbora wé e. Ẹyin 18 ló wà níbẹ̀. Ọmọ 14 jáde, wọ́n kàn pẹ́ ní ọjọ́ kan ni.

Ìgbà tí iná bá padà dé ni kí ẹ ṣọ́ra. Bí ẹ bá gbàgbé ìgò omi gbígbóná sínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tàbí tí ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ọ̀sán ń ta sí, ooru lè kọjá 40, àwọn ọmọ ò ní pẹ́ kú. Ẹ má sì dí ihò afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn, ìgbà yẹn ni wọ́n ń mí jù. Sítóófù kẹrosíìnì nínú yàrá ẹ̀rọ? Rárá o.

* * *

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé òrùka ẹ̀jẹ̀ mẹ́ta yẹn. Ẹ ní ọjọ́ mọ́kànlá lẹ fi kó ẹyin 30 jọ, orí kọ́bọ́ọ̀dù nínú ilé ìdáná. Ó pẹ́ jù, ibẹ̀ sì gbóná jù. Nínú ilé tí ooru rẹ̀ jẹ́ 29 tàbí 30, ẹyin kò sùn dáadáa, ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì ní agbára láti lọ jìnnà. Kó tó wọ ẹ̀rọ ló ti rẹ̀ ẹ́.

Ibi tó dára jù ni 15 sí 18, àmọ́ ta ló ní irú yàrá bẹ́ẹ̀ láàárín wa? Fíríìjì tutù jù. Ẹ̀gbẹ́ àmù ni mo máa ń gbé tèmi sí, ní igun tí oòrùn kì í dé, n kì í sì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ márùn-ún. Nígbà ọyẹ́, ìkòkò méjì tí wọ́n fi iyanrìn tútù sáàárín wọn, irú èyí tí olùkọ́ tó ń jẹ́ Mohammed Bah Abba sọ di mímọ̀ ní Jìgáwá fún títọ́jú èso àti ẹ̀fọ́, wúlò gan-an fún ẹyin. Nígbà òjò, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nítorí omi ara ìkòkò kò ráyè gbẹ.

Ẹ má fọ ẹyin. Omi tútù lára ẹyin tó gbóná máa ń fa kòkòrò wọ inú èèpo. Èyí tó bá lẹ́gbin, ẹ fi sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ìtẹ́ ni kí ẹ tún ṣe.

* * *

Ọ̀gbẹ́ni tó ń sìn arúpẹ̀ béèrè ohun kan tí mo fẹ́ dáhùn dáadáa, nítorí ó ti dààmú ara rẹ̀ jù. Ó ní òun ṣe gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ, síbẹ̀ nígbàkigbà tí òun bá tan iná wo ẹyin ní ọjọ́ keje, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló ti kú, òrùka ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù.

Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni, kì í ṣe ẹ̀bi yín. Nínú adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú bíi Chabo ti Jàpáánù, ohun àjogúnbá tó ń sọ ẹsẹ̀ di kúkúrú, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọmọ lè gbé. Bí ó bá gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ bàbá, tó tún gba ẹyọ kan lọ́dọ̀ ìyá, ó máa kú sínú ẹyin ni, ọ̀pọ̀ wọn ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin. Nítorí náà, bí ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú méjì bá gun ara wọn, ẹ fi ojú sí i pé ọ̀kan nínú mẹ́rin máa kú, méjì á ní ẹsẹ̀ kúkúrú, ẹyọ kan á ní ẹsẹ̀ gígùn. Ṣé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ gígùn máa ń wà lára ọmọ arúpẹ̀ yín? Tèmi máa ń ní. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín náà, ẹ mú àkùkọ arúpẹ̀, kí ẹ fi gun àgbébọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn tó jẹ́ ọmọ ìyá kan náà tàbí irú rẹ̀. Ìdajì ọmọ á jẹ́ arúpẹ̀, ìdajì á ga, kò sì sí èyí tí ẹsẹ̀ kúkúrú máa pa.

* * *

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè. "Adìẹ nìkan ló lè sàba lé ẹyin báńtámù." Irọ́ ni, àmọ́ òtítọ́ kan fara pamọ́ síbẹ̀. Ìyá mi àgbà máa ń kó ẹyin mẹ́wàá sí abẹ́ àgbébọ̀ kan, ó máa ń fi ẹ̀ṣẹ́ èédú kan sínú ìtẹ́ kí àrá má bàa ba ẹyin jẹ́, mẹ́sàn-án sì máa ń pa. N kò rí i kí èédú ṣe nǹkan kan. Adìẹ yẹn ló mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ lo adìẹ láti fi yẹ ẹ̀rọ wò. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́sàn-án yín bá ti ń sàba, ẹ mú ẹyin tí ẹ kó jọ láàárín àwọn ọjọ́ kan náà, ẹ fún un ní mẹ́fà, kí ẹ kó ìyókù sínú ẹ̀rọ. Bí tirẹ̀ bá pa tí ti ẹ̀rọ kò pa, ẹ̀rọ ni. Bí àwọn méjèèjì bá kùnà lọ́nà kan náà, ẹ wo àkùkọ, ẹ wo oúnjẹ, ẹ wo ibi tí ẹ ń tọ́jú ẹyin sí.

Lórí oúnjẹ: àgbàdo àti ẹ̀kọ tó kù nílé kò lè gbé ọmọ dé òpin. Ẹyin tí a fẹ́ jẹ àti ẹyin tí a fẹ́ pa kì í ṣe ọ̀kan. Fítámì tó bá kù lára ìyá ló ń pa ọmọ láàárín ọ̀nà, pàápàá fítámì B2. Mo máa ń fún wọn ní ewé tẹ̀tẹ̀ àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyin jọ.

* * *

Lórí ká bá ọmọ bó èèpo: àwọn kan ń pariwo pé ó ṣe é ṣe, àwọn kan ní èèwọ̀ ni. Èmi ti ṣe é nígbà tí kò tíì tó àsìkò. Ọmọ náà ti dá ihò kékeré lu láàárọ̀, ó ń ké, n kò lè fara dà á. Ní ọ̀sán mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i pẹ̀lú èékánná. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò sun jáde lára awọ, pupa ẹyin sì ṣì wà níta ìdodo rẹ̀. Kò rí alẹ́.

Láti ìgbà tó bá ti lu èèpo, ó lè gba wákàtí 12 sí 24 kó tó yí ẹnu ká. Kì í ṣe pé ó ń jìyà, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti pupa ẹyin wọ inú ara rẹ̀ ni. Bí ó bá kọjá wákàtí 24 tí awọ gbẹ mọ́ ọn, ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pa awọ náà, ẹ yẹ èèpo kúrò díẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀.

* * *

Ìròyìn ti dé láti Ìbàdàn, inú mi dùn púpọ̀. Wọ́n kó ẹyin 24 jọ láàárín ọjọ́ méje, wọ́n kó 18 sínú ẹ̀rọ láìsí omi, mẹ́fà sábẹ́ àgbébọ̀. Ọmọ 13 jáde nínú ẹ̀rọ, mẹ́rin jáde lábẹ́ adìẹ. Wọ́n fọ́ méje tó kù: mẹ́ta mọ́ nínú ti ẹ̀rọ, méjì mọ́ nínú ti adìẹ, méjì péré ló jẹ́ ọmọ tó kú.

Nínú ẹyin 15 tó ní ọmọ nínú ẹ̀rọ, 13 pa. Ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn mọ́. Márùn-ún tó mọ́ ló kù, ti adìẹ náà sì mọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ àkùkọ ni kí ẹ lọ. Ẹ ní ìyẹ́ ìdí rẹ̀ àti ti àwọn àgbébọ̀ pọ̀ yẹbẹyẹbẹ? Ẹ fi sáàsì gé e mọ́lẹ̀ ní àyíká ibi tí ẹyin ń gbà jáde, ti akọ àti ti abo, kí ẹ sì kó ẹyin ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wò. Bí ó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá sì pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ ẹyin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí ti àkùkọ àtijọ́ ṣì wà lára àwọn àgbébọ̀ yẹn, ẹ ò ní mọ ọmọ ẹni tó jẹ́.